Taya Mẹ́ta Lórí Ẹní

Bàbá Kúránga tẹ́ ẹní sábẹ́ igi dógóyárò ní Gérí Àlímì,
ó to taya mẹ́ta lé e bí ejò tó ká jọ.
Ó ní, "Wàsílá, ọ̀la leré o. Mú ọ̀kan."
Lẹ́yìn ìyẹn kò sọ̀rọ̀ mọ́,
ẹ̀pà ló ń bó.

Èyí àkọ́kọ́ kò sanra ju àtàńpàkò mi lọ.
Wọ́n rán tíúbù mọ́ ọn nínú bí ọlẹ̀,
gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ríìmù.
Mo gbé e, ọwọ́ mi ń bi mí pé kí ni mo gbé.
Lórí ọ̀dà tó dán, ó ń sáré bí àhesọ.
Ṣùgbọ́n bó bá bẹ́ ní Ìdọ̀fìán ńkọ́?
Ta ni yóò ya á, tí yóò tún gọ́ọ̀mù mìíràn fi,
tí yóò jókòó tì í kó gbẹ,
nígbà tí àwọn yòókù ti ń bomi sórí ní Òmù-Àrán?

Èkejì ni mo mọ̀ jù. Òun ló kọ́ mi.
Taya lọ́tọ̀, tíúbù lọ́tọ̀,
bíi tọkọtaya tó ń bínú síra wọn
tí ẹnì kankan ò sì kó ẹrù jáde.
Mo tú u rí lẹ́bàá ọ̀nà Gánmọ, ṣíbí méjì ni mo fi tú u,
ṣíbí ìyá mi,
tó ṣì ń wá a títí dòní.
Àbùkù rẹ̀ kan ni pé bó bá forí sọ etí kòtò,
ihò méjì ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì,
bí ibi tí paramọ́lẹ̀ ti bu èèyàn jẹ.

Ẹ̀kẹta ò ní tíúbù rárá.
Oje funfun kan ni wọ́n ń dà sí i nínú.
Bí ìṣó bá gún un, oje á sáré wá dí ojú ọgbẹ́,
ẹni tó gùn ún lè má mọ̀ pé nǹkan kan ṣe é.
Ó fẹjú, ó rọ̀, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ti tó o.
Ẹ̀gbọ́n mi Jẹ́lílì ló fi í ránṣẹ́ láti òkè òkun,
ó ní kí n má ṣe bá ará ayé àtijọ́ sáré mọ́.
Mo wo Bàbá Kúránga.
"Mo lè dè é," ló wí. Ó ju èèpo ẹ̀pà nù.
"Mi ò tíì dè é rí ni."

Mo dijú, mo gun ọ̀nà náà lọ́kàn.
Òkúta wẹ́wẹ́ tí ọkọ̀ akóyanrìn dà sílẹ̀,
ibi tí ọ̀dà ti bó bí awọ iṣu lẹ́yìn Jímbà-Ọjà,
oríta Àjàṣẹ́-Ìpo, níbi tí ewúrẹ́ kì í yà fún ẹnikẹ́ni,
ọyẹ́ tó ń ta eruku sójú,
àti òkè yẹn, òkè yẹn,
níbi tí omi inú ìgò gan-an ti ń wúwo bí gbèsè.

"Bàbá, taya wo lẹ fi sáré nígbà tiyín?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní lọ́nà Ọ̀fà ni tíúbù òun ti bẹ́,
kò sí pọ́ńpù, kò sí gọ́ọ̀mù,
koríko lòun já, lòun kì sínú taya títí ó fi kún,
lòun bá gùn ún lọ, gbágá-gbágá-gbágá.
"Mo sì ṣe ipò kẹrin!"
"Ẹ̀yin mélòó lẹ sáré?"
"Mẹ́rin."

Mo mú èkejì.
Mo fi tẹ̀gbọ́n mi kọ́ sórí ìṣó lára ògiri,
kó máa wo bí a ti ń ṣe é níhìn-ín,
tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn, a óò jọ sọ̀rọ̀.
Tíńrín yẹn, mo tún gbé e lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó dìde.
Ó wù mí. Irọ́ kò sí níbẹ̀.

Lálẹ́, mo fọ ṣíbí méjèèjì, mo wé wọn sínú àkísà,
mo tì wọ́n sábẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́.
Bí eré bá parí lọ́la, màá dá wọn padà fún ìyá mi.
Bóyá.